Egbò abẹ́ ẹsẹ̀ màmá: ṣé lésà ni, àbí bàtà ńlá yẹn?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni mo ti ń kọ̀wé. Màmá mi ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, wọ́n sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Àdìrẹ ni wọ́n ń tà, orí ìdúró ni wọ́n máa ń wà látàárọ̀. Ó ti lé lóṣù mẹ́rin tí egbò kan ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn, ní ìdí àtàǹpàkò. Kò dùn wọ́n rárá, ṣùgbọ́n kò jinná. Ọsibítù fún wọn ní bàtà ńlá kan tó ga dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Wọ́n ń wọ̀ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti wọlé báyìí, wọ́n á bọ́ ọ. Wọ́n ní ó wúwo, ìbàdí ń ro àwọn, àwọn ò sì lè gbé bàtà gun orí ẹní ìkírun. Ẹnì kan wá júwe ibì kan fún wa nígboro tí wọ́n ti ń fi iná lésà wo egbò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni wọn yóò ṣe é, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ṣé kí a gbé wọn lọ? Ṣé wọ́n á sì lè padà sí ìsọ̀ kí ọdún Ọ̀ṣun tó dé lóṣù kẹjọ?"

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. N kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: bàtà tí wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn gan-an ni oògùn egbò náà. Lésà lè bá a kún un, ó sì lè má ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tan lésà sí egbò náà láàárọ̀, tí màmá sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti yàrá dé ilé ìdáná lọ́sàn-án, ẹ ti tú ohun tí ẹ dì. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà yín tó bà mí lẹ́rù ju gbogbo ìyókù lọ: "kò dùn wọ́n rárá." Egbò tó ti lé lóṣù mẹ́rin lábẹ́ ẹsẹ̀ yẹ kó máa dun ènìyàn débi tí kò fi ní lè tẹ̀ ẹ́. Tí òkúta kékeré bá wọ bàtà èmi tàbí ẹ̀yin ní Ọjà-Ọba, a ò ní rìn dé Ọláìyá kí a tó bọ́ ọ gbọ̀n. Bí abẹ́ ẹsẹ̀ bá bó, a ó máa tiro láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wa. Ìrora ló ń dáàbò bo ẹsẹ̀. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún gbọọrọ ló ba àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára jẹ́ lẹ́sẹ̀ màmá, ni wọ́n fi ń tẹ orí egbò náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo ara wọn, tí wọn ò sì mọ̀. Okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí a máa ń tì mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ títí yóò fi tẹ̀ kọrọdọ. Agbára gíráàmù 10 ló ń gbà kó tó tẹ̀. Ẹni tó bá dijú tí kò mọ ìgbà tó kàn án, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní ẹ̀ṣọ́ mọ́. Bí wọn ò bá tíì ṣe é fún màmá, ẹ ní kí wọ́n ṣe é. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Paul Brand, ọmọ òyìnbó tí wọ́n bí sí Íńdíà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ la ojú àwọn dókítà sí ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1946 ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Vellore ní Íńdíà níbẹ̀, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn tó ní àrùn ẹ̀tẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé gbà nígbà náà ni pé ẹ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń jẹ ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Brand wò ó títí, ó rí i pé àìmọ ìrora ló ń fà á. Wọ́n ń fi ọwọ́ lásán gbé ìkòkò gbígbóná, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ tó ti dá egbò rìn lọ rìn bọ̀. Tí ó bá ti di irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ sínú POP, ìdì funfun líle tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́, egbò tó ti ń ṣe agídí á bẹ̀rẹ̀ sí í jinná. Ní 1966 ó lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ẹlẹ́tẹ̀ ní Carville, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ìmọ̀ yẹn sì ràn kúrò lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́tẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn onítọ̀ ṣúgà ní Amẹ́ríkà. Kò lo iná, kò lo ìpara olówó iyebíye. Ó gbé ìwúwo kúrò lórí egbò, ara sì wo ara rẹ̀.

Ẹ wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ láti gbé ìgbésẹ̀ tó kàn, ìdí àtàǹpàkò ló máa ń fi ti ilẹ̀. Ojú kan náà tí egbò màmá wà nìyẹn. Bí alárù ṣe ń ká òṣùká sórí kí ẹrù má baà gún un lójú kan, bẹ́ẹ̀ náà ni POP tó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ láti ọmọ ìka dé abẹ́ orúnkún ṣe ń pín ìwúwo ara ká. Gìgísẹ̀ á gbà díẹ̀, àárín àtẹ́lẹsẹ̀ á gbà díẹ̀, ojúgun àti ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ náà á gbé tiwọn, nítorí pé ẹsẹ̀ fẹ̀ lókè ó sì tín-ín-rín nísàlẹ̀, ó há sínú POP náà dáadáa. Ọrùn ẹsẹ̀ kò ní lè ká, nítorí náà iwájú ẹsẹ̀ kò ní lè fi agbára ti ilẹ̀. Bàtà tí wọ́n fún màmá, iṣẹ́ kan náà ló wà fún. Gíga tó ga dé ìsàlẹ̀ orúnkún, líle tó le, abẹ́ rẹ̀ tó rí róbótó kó lè máa yí síwájú, kò sí èyí tí wọ́n ṣèèṣì ṣe níbẹ̀. Ìdí nìyí tí sílípáàsì rírọ̀ kò fi lè rọ́pò rẹ̀, bó ti wù kí fóòmù inú rẹ̀ nípọn tó. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ihò sínú fóòmù kí egbò lè bọ́ sínú ihò náà. Etí ihò yẹn ni yóò máa há egbò náà mọ́ yíká.

Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2001. Àwọn onítọ̀ ṣúgà 63 tó ní egbò abẹ́ ẹsẹ̀ ló kópa. Wọ́n fi POP dì fún àwọn kan, wọ́n fún àwọn kan ní bàtà ńlá tó ṣeé bọ́ bíi ti màmá, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní ìlàjì bàtà tó gbé iwájú ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 12 fi pé, nǹkan bí 90 nínú 100 ló ti jinná láàárín àwọn ẹni POP. Ti bàtà ńlá jẹ́ 65, ti ìlàjì bàtà kò sì pé 60. Bẹ́ẹ̀ tí a bá gbé ẹ̀rọ wọn ìwúwo tó ń bọ́ sórí àtẹ́lẹsẹ̀, bàtà ńlá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá POP dọ́gba. Kí ló wá fa ìyàtọ̀? Ní 2003, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ka ìgbésẹ̀ sí ìbàdí àwọn ènìyàn 20, wọ́n sì fi òmíràn sínú bàtà ńlá wọn. Nínú gbogbo ìrìn tí wọ́n ń rìn lójúmọ́, 28 nínú 100 péré ni bàtà wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ìyókù, ẹsẹ̀ lásán tàbí bàtà ilé ni.

Amẹ́ríkà nìyẹn o, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń wọ bàtà nínú pálọ̀ láìsí ẹni tí yóò bá wọn wí. Ẹ wá gbé e wá sí Òṣogbo, níbi tí a ti ń wo ẹni tó bá wọ bàtà wọlé bí aláfojúdi. N kò bá màmá wí rárá. Ilé tí wọ́n ti kọ́ wọn ní ìmọ́tótó ni wọ́n ti jáde. Ṣùgbọ́n inú ilé ni ìrìn pọ̀ sí. Láti bẹ́ẹ̀dì dé balùwẹ̀, dé ẹ̀yìnkùnlé, dé ìdí síǹkì, ìgbésẹ̀ márùn-ún márùn-ún tí a kì í kà. Òun ló ń ṣí egbò náà lójoojúmọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká mú ẹjọ́ tí màmá rò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí gbogbo rẹ̀ ló ní ojútùú.

Wọ́n ní ìbàdí ń ro àwọn. Òótọ́ ni, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Abẹ́ bàtà náà nípọn, ó ti fi bíi sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún ga ju ti òsì lọ, ìbàdí wá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ gbé bàtà ẹsẹ̀ òsì lọ bá ṣúmékà àdúgbò, kí ó lẹ rọ́bà mọ́ abẹ́ rẹ̀ títí tí ẹsẹ̀ méjèèjì yóò fi dọ́gba. Kí màmá dúró níwájú yín, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì kan egungun ìbàdí wọn lọ́tùn-ún lósì. Ẹ ó rí i fúnra yín bóyá ó ti tẹ́jú. Owó rọ́bà náà kò ní gbé owó lésà ẹyọ kan. Ní ti dídọ̀tí ilé, ẹ tẹ́ àkísà tútù sẹ́nu ọ̀nà kí ẹ máa fi nu abẹ́ bàtà náà. Lóru, ẹ gbé póò sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá fi oorun ojú dìde kì í rántí bàtà.

Ọ̀rọ̀ ìrun ló gbẹgẹ́ jù, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí díẹ̀. Ráká 17 ni ìrun ọ̀ranyàn ọjọ́ kan, ìforíkanlẹ̀ méjì méjì ló sì wà nínú ráká kọ̀ọ̀kan, 34 nìyẹn. Nígbàkúùgbà tí màmá bá forí kanlẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ á tẹ̀ sẹ́yìn, ìdí àtàǹpàkò á sì tẹ̀ mọ́ ẹní. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dìde, orí ibẹ̀ náà ni wọ́n á gbára lé. Kò sí bí ojú egbò kò ṣe ní máa là. Ẹ̀sìn Islam fún aláìsàn láyè láti jókòó kírun, ó sì fún un láyè láti fi ọwọ́ tútù nu orí báńdéèjì tàbí POP dípò kí ó fọ ẹsẹ̀ nígbà àlùwàlá. Ẹ ní kí àfáà yín fúnra rẹ̀ wá bá wọn sọ ọ́. Bí dókítà bá sọ ọ́, wọ́n á rò pé dókítà kò mọ nǹkan kan nínú ẹ̀sìn. Bí àfáà bá sọ ọ́, ó parí. Àga tó dúró dáadáa ni kí wọ́n lò, kí bàtà sì wà lẹ́sẹ̀. Kí ẹ gbé e kúrò lórí ẹní, kí ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó mọ́, bí ìyẹn bá máa fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá kùnà, tí ọwọ́ màmá sì ń yára bọ́ bàtà náà, ẹ padà sí ọsibítù kí ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fi báńdéèjì POP yí bàtà náà ká kí ó má ṣeé bọ́ mọ́. Àwọn tó ti dán an wò rí i pé àbájáde rẹ̀ súnmọ́ ti POP gidi. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀ràn ẹsẹ̀ onítọ̀ ṣúgà, IWGDF, fi ohun tó ga dé ìsàlẹ̀ orúnkún tí kò sì ṣeé bọ́ ṣe àkọ́kọ́ fún irú egbò màmá yìí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: wọn kò gbọdọ̀ dì í pa láìjẹ́ pé wọ́n ti wo bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ẹsẹ̀ náà dáadáa, àti bóyá kòkòrò kò tíì wọ egbò jinlẹ̀. Kí wọ́n fọwọ́ kan ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù lórí ẹsẹ̀ àti lẹ́yìn kókósẹ̀ inú, kí wọ́n sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀ mọ́ ti apá. Ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé kò ní jinná, ìbáà jẹ́ bàtà, ìbáà jẹ́ lésà.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ lésà. N kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Ní 1967, dókítà Endre Mester ní Budapest, olú ìlú Họ́ngárì, fẹ́ mọ̀ bóyá lésà lè fa jẹjẹrẹ. Ó fá irun ẹ̀yìn àwọn eku, ó tan lésà pupa sí àwọn kan lára. Jẹjẹrẹ kò mú wọn. Dípò bẹ́ẹ̀, irun àwọn tí ó tan iná sí ló tètè hù padà. Láti ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lórí egbò. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà lónìí ni pé ìmọ́lẹ̀ pupa àti èyí tó wà lẹ́yìn pupa tí ojú wa kò lè rí, láti nǹkan bí nánómítà 600 títí dé 1000 (nánómítà ni a fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀), máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ó sì máa ń bá èròjà kan pàdé nínú mitochondria, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe agbára tó ń lò. Agbára náà á pọ̀ sí i, sẹ́ẹ̀lì tó ń hun awọ tuntun á túbọ̀ ṣiṣẹ́. Ó ní ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti hàn kedere: egbò ẹnu àwọn tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìrora ọrùn, tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé àkójọ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2009.

Ti egbò ẹsẹ̀ onítọ̀ ṣúgà kò tíì dé ibẹ̀ yẹn. Àwọn ìwádìí kéékèèké kan rí i pé egbò tètè ń kéré sí i, ṣùgbọ́n iye ènìyàn tó wà nínú wọn kò pọ̀, ìwọ̀n iná tí kálukú lò sì yàtọ̀ síra. Ìwọ̀n sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ lésà. Bó bá kéré jù, kò ní ṣe nǹkan. Bó bá pọ̀ jù, ó lè dá ìwòsàn dúró. Ìṣirò rẹ̀ kò le: wáàtì ni agbára ẹ̀rọ, 1000 mílíwáàtì ló wà nínú wáàtì kan, júùlù sì ni àpapọ̀ iná tó bọ́ sára; wáàtì ní ìlọ́po ìṣẹ́jú-àáyá ni júùlù. Ẹ̀rọ tó jẹ́ mílíwáàtì 100, bó bá tàn fún ìṣẹ́jú-àáyá 40, júùlù 4 ló gbé sílẹ̀. Iná pupa kékeré mílíwáàtì 5 yóò tàn ju ìṣẹ́jú 13 lọ lójú kan náà kó tó dé iye yẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n júwe fún yín, ẹ béèrè: mílíwáàtì mélòó? nánómítà mélòó? júùlù mélòó lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan? Ẹ béèrè bóyá ẹni tó mú ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Medical Rehabilitation Therapists Board, àjọ ìjọba tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì sílẹ̀. Ẹni tó bá dá yín lóhùn pé "iná alágbára láti òkè òkun ni", ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ewu kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju owó lọ. Lésà alágbára, èyí tó ju mílíwáàtì 500 lọ, máa ń mú awọ gbóná. Ẹni tó ní ìmọ̀lára á kígbe pé ó ń jó òun. Màmá kò ní kígbe. Egbò kejì lẹ ó gbé bọ̀ wálé. Ohun kan náà ló fi léèwọ̀ fún wọn láti ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná oníyọ̀, láti na ẹsẹ̀ sídìí ààrò, tàbí láti fi Robb àti Aboniki ra á. Bí wọ́n bá tilẹ̀ máa ṣe lésà, kí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà wọ awò ààbò, kí wọ́n má sì tàn án sórí ibi tí jẹjẹrẹ wà tàbí tí a fura pé ó wà. Tí ibi náà bá mọ iṣẹ́, tí owó wà, tí bàtà kò sì kúrò lẹ́sẹ̀, n kò ní dá yín dúró. Bí owó kò bá tó nǹkan méjèèjì, ẹ fi ra oògùn ṣúgà, báńdéèjì, àti owó ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ó lè máa gé awọ líle tó yí etí egbò ká kúrò. Bíléèdì ilé kọ́ o.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ń jinná? Lọ́jọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ egbò náà, kí ẹ fi fóònù ya á. Ẹ fi gígùn lu ìbú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3 sí 2 lónìí, 6 nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó yẹ kó ti wálẹ̀ dé 3 tàbí kó kéré sí i. Bí kò bá wálẹ̀ tó ìdajì, ẹ má kàn máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, ẹ padà kí wọ́n tún wo ẹ̀jẹ̀, egungun àti bàtà náà. Bí ẹsẹ̀ bá wú, tó pupa, tó gbóná, tó ń rùn, tí ọmọ ìka bá ń dúdú, tàbí tí ibà gbé wọn, ọjọ́ yẹn gan-an ni ọsibítù, àní bí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Ní ti ọdún Ọ̀ṣun: ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ tí bàtà bá ti dúró lẹ́sẹ̀ wọn tọ̀sán-tòru tí wọ́n bá ń rìn, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ọsibítù ti fún wọn. Egbò tó ti pẹ́ báyìí lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó bá sì padé, ẹ má tíì gbé bàtà náà sọnù. Nínú 100 tó bá jinná, nǹkan bí 40 ló ń padà láàárín ọdún kan, pàápàá tí wọ́n bá ti padà sínú sílípáàsì. Bàtà àtìgbàdégbà ni kí ẹ ti béèrè fún kó tó padé, èyí tí wọ́n fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ wọn gé fóòmù inú rẹ̀. Ẹ bi ẹ̀ka fisiotẹ́rápì ní ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn níhìn-ín tàbí ní Ilé-Ifẹ̀ léèrè ẹni tó ń ṣe é. Bí kò bá sí, ilé ìwòsàn eegun Igbobi ní Èkó mọ iṣẹ́ náà.

Ìsọ̀ ńkọ́? Wọ́n lè padà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pàápàá, bí ìjókòó bá ni. Kí àga wà, kí àpótí tí wọ́n máa gbé ẹsẹ̀ lé wà, kí ọmọ iṣẹ́ máa fa aṣọ wálẹ̀, kó sì máa tẹ́ ẹ fún oníbàárà. Ẹnu ni kí màmá fi tajà. Ìrìn àárín èrò dé igbó Ọ̀ṣun kò sí nínú ti ọdún yìí.